Koríko Tí Mo Fi Bo Kòtò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n jókòó tì yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò dùn níbẹ̀rẹ̀, kò sì ní dùn lópin. Mi ò wá bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dá mi láre. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín sí èpè ara rẹ̀, àwíjàre wo ló kù fún un?

Abiyamọ ni mí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ọkùnrin. Ilé ìyá ọkọ mi là ń gbé. Ọkọ mi ń tún fíríìjì ṣe. Ìyá rẹ̀, tí mo ń pè ní Màámi, ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé lórí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́bàá fèrèsé yàrá iwájú. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń tẹ irin ìsàlẹ̀ yẹn láràárọ̀, gbogbo ilé á máa dún gìrìgìrì bíi pé ilé náà ń mí.

Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ọmọ bá sunkún, àyà mi á já. Bí kò bá sunkún, á já ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo máa ń fi ọwọ́ síwájú imú rẹ̀ léraléra kí n tó gbà pé ó ń mí.

Màámi a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ló ń pè ní ọkọ rẹ̀. "Ìyàwó mi, jẹ́ kí ọkọ mi sùn! Bó o ṣe ń yọjú sí i yìí, á rò pé agbowó-orí ni ẹ́."

Ìyá náà gan-an ló ní kí n lọ sí kíláàsì àgbà. Òun kò mọ̀wé, èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. "Lọ kọ́ ọ," ó ní, "kí ẹnì kan nínú wa lè máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn ọmọ. Èmi á pọn ọkọ mi títí wàá fi dé." Iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ìrọ̀lẹ́ wà lódìkejì pápá ńlá kan tó wà lẹ́yìn ilé wa. Bí a bá gba inú pápá náà, ọ̀nà kò jìn.

Pápá yẹn ló jẹ mí gbé.

Lọ́jọ́ kan, Màámi ru yunifọ́ọ̀mù gba ibẹ̀ lọ sí iléèwé. Nígbà tó máa padà dé, òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, òrùka tí olóògbé bàbá ọkọ mi fi sí i lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ ti gbẹ, òrùka ti ń yọ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìka náà bí ẹni tí eyín rẹ̀ ká.

A fi ojú wá a títí ojú fi ń ta wá. Ní ọjọ́ kejì tí èmi nìkan padà lọ, mo rí bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá gígùn kan ra orí koríko lọ sọ́tùn-ún sósì. Ohun pẹrẹsẹ kan bí ìdérí ìkòkò wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà. Íápíìsì ńlá bo etí bàbá náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀ ni.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé nǹkan yẹn lè rí òrùka?"

"Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ló gbé e mì, Ajá mi á gbóòórùn rẹ̀." Ajá ló ń pe ẹ̀rọ náà, nítorí ó ń gbóòórùn, ó sì ń gbó. Ó nà án sí mi. "Gbà, wá a fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n bọ́ aago ọwọ́ rẹ ná, kí o sì pa fóònù. Bí irin bá wà lára rẹ, ìwọ ni Ajá á máa gbó dípò ilẹ̀."

Mo bọ́ aago. Mo pa fóònù. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo gbé íápíìsì bo etí méjèèjì, ariwo ayé sì dákẹ́. Mi ò gbọ́ ọkọ̀, mi ò gbọ́ èèyàn. Ẹkún ọmọ tó máa ń dún lórí mi, kódà nígbà tí ọmọ ń sùn, kò sí níbẹ̀. Ohùn tín-ín-rín kan ló kù, tó ń dún wẹ́ẹ́, bí ẹni ń pè mí láti òkèèrè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti bímọ, àyà mi balẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Ajá gbó.

Ìṣó ni. Ó tún gbó, ìdérí ìgò ni. Bàbá náà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀: wàá fi ṣọ́bìrì kékeré gé koríko ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, wàá ṣí i sókè bí ìdérí àpótí, wàá kó iyẹ̀pẹ̀ sórí ọ̀rá. Bí o bá ti wá ohun tí ò ń wá tán, wàá da iyẹ̀pẹ̀ padà, wàá pa koríko dé, wàá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn kò gbọdọ̀ mọ̀ pé o débí," ó ní. "Kòtò tí o bá gbẹ́, dí i kí o tó gbé ẹsẹ̀. Òfin wa kan ṣoṣo nìyẹn."

Òrùka Màámi wà láàárín gbòǹgbò koríko, ó ń wò mí bí ojú ẹyẹ.

Ìyá náà jó! Ó jó yí maṣíìnì ká pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ń rẹ́rìn-ín kèékèé. "Ìyàwó tó bá mi rí òrùka ọkọ mi, ilẹ̀ kò ní gbé nǹkan tìrẹ mì láéláé!"

Àdúrà tó gbà fún mi nìyẹn. Ẹ bá mi fi òun náà sọ́kàn.

Ǹ bá ti dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tí mo rí nínú íápíìsì yẹn ń pè mí. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ máa bá wọn lọ.

"Bá àwọn wo lọ?"

"Àwọn tó ń wá irin ní pápá. Kì í pẹ́. Wákàtí kan lásán ni."

"Ìyá ọmọ, kí lo sọ nù? Ṣebí òrùka ti yọjú? Àbí o fẹ́ máa ra irin kiri ni? Jọ̀ọ́ o, mi ò fẹ́ kí n máa wá ìyàwó mi kiri inú koríko."

Mo ní mo ti gbọ́. Etí ló gbọ́, ẹsẹ̀ kò gbọ́.

Bàbá arúgbó náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Aláago nítorí pé aago ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe, yá mi ní ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀yìn ilé páànù kékeré tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ ìgékoríko sí ni mo ń gbé e pamọ́ sí. Mo kọ́kọ́ ń yà síbẹ̀ díẹ̀ kí n tó lọ sí kíláàsì. Nígbà tó ṣe, mo ń sá kúrò ní kíláàsì kí wọ́n tó jáde. Lọ́jọ́ kan, mo gbé orí sókè láti inú koríko, mo sáré dé kíláàsì, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti yọ ara mi lẹ́nu mọ́. Bí mo bá ti fi ilé sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìwé, pápá ni.

Ẹ má bi mí léèrè ohun tí a ń rí. Ìṣó. Bọ́tìnnì. Ṣíbí tó ti wọ́. Kọ́kọ́rọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti kú. Ohun tí a rí kọ́ ló ń dè wá mọ́lẹ̀, ohun tí a kò tíì rí ni. Bí Ajá bá ti gbó lẹ́ẹ̀kan, ọkàn á ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i." Ó dà bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, kò sí hóró tó ń jẹ́ hóró ìkẹyìn.

Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀yin náà, wákàtí mélòó lẹ máa ń lò níbí lọ́sẹ̀?"

Ọkùnrin sísanra kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí à ń pè ní Dírẹ́bà, ló kọ́kọ́ dáhùn. "Bíi méjì. Bó pọ̀ tán, mẹ́ta."

Bàbá Aláago bú sẹ́rìn-ín. "Méjì wo? Ṣé kì í ṣe ìyàwó rẹ ló wá síbí lọ́jọ́sí, tó ní òun wá wo ojú ẹ bóyá ó ṣì rí bí òun ṣe fi í sílẹ̀?"

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé àga wá látilé ńkọ́? Tẹ́ ẹ gbé fúláàsìkì wá? Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì."

"Èmi ti dàgbà, kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ẹnikẹ́ni tó bá sọ iye wákàtí tó ń lò níbí fún ọ, irọ́ ló pa. Kò lè mọ̀. Gbogbo wa la ti bọ́ aago sílẹ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín ni. Mo rẹ́rìn-ín ju àwọn yòókù lọ.

Bí mo bá délé, Màámi á ti máa dúró dè mí, ọmọ á ti sùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Kú ìrìn. Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?"

"Bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ni, Màámi."

"Lẹ́tà kẹ̀? Ṣebí òun náà ni lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ta lẹ fẹ́ kọ ọ́ sí gan-an tí kò tán?"

"Ó ṣòro ni, Màámi."

"Ó dáa, rọra kọ́ ọ. Èèkánná rẹ yìí ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ lẹ fi ń kọ̀wé ni?"

"Tádàwà ni, Màámi."

Ó gbà á gbọ́. Báwo ni kò ṣe ní gbà á gbọ́? Kò wọ kíláàsì rí. Ó máa ń fi àtàǹpàkò rẹ̀ nu èèkánná mi kí n tó gba ọmọ, ó sì máa ń rọra ṣe é bí ẹni tó ń nu nǹkan iyì.

Ọjọ́ tí ilé mi wó, ojú ọ̀run ti ṣú dùdù. Mi ò rí i. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Bàbá Aláago ni. Mo ká íápíìsì kúrò létí kan.

"Ọmọ mi, òjò ń bọ̀. Gbogbo wa ti ń lọ o. Ìwọ nìkan ló kù."

"Mo ń bọ̀, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i."

Ó mi orí, ó lọ.

Ibi tí Ajá ti gbó yẹn jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tóóró tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá. A kì í gbẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ mú, ó hàn gbangba, irú èyí tí mi ò gbọ́ rí. Mo gé koríko ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, mo ṣí i. Mo gbẹ́ ẹ títí apá mi fi wọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Mo gbé ẹ̀rọ sí i, ó ṣì ń gbó, ó ní ó kù nísàlẹ̀.

Mo gbé orí sókè láti mí.

Màámi ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun pápá. Ọmọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Agboòrùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ṣí i. Agboòrùn tèmi ni. Ó rí i pé òjò fẹ́ rọ̀, fóònù mi kò lọ, ló bá dìde, ó ń gbé e lọ fún mi ní kíláàsì.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àbúrò mi, ibi tí mo ti pàdánù ayé mi nìyí. Bí mo bá dúró dí kòtò, á bá mi níbẹ̀. Bí mo bá sá tí mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu ṣíṣí, á rí i, á sì yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé bó bá rí kòtò tuntun, á wo yíká, á sì rí mi. Èmi kò ṣe èyíkéyìí. Mo fi ẹsẹ̀ tú iyẹ̀pẹ̀ ká sínú koríko, mo pa ìdérí koríko náà dé sórí kòtò tó ṣófo, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kó gún. Mo ti mọṣẹ́ nígbà yẹn. Ó rí bí ilẹ̀.

Mo tẹríba sáré lọ sẹ́yìn ilé páànù. Mo rò ó pé bó bá ti kọjá, mo máa padà wá dí i.

Íápíìsì ṣì wà létí mi. Mi ò gbọ́ ìgbà tó ké. Nígbà tí mo yọ ọ́ láti yọjú wò, ẹkún ọmọ mi ni mo gbọ́.

Ó wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọlé dé orúnkún. Ẹ̀yìn ni ì bá ṣubú sí, ṣùgbọ́n ó ti yí ara rẹ̀ lójú òfuurufú, ó fi ìbàdí gba ilẹ̀ kí ọmọ má bàa wà lábẹ́ rẹ̀. Mo sáré yí ilé páànù po kí n lè yọ láti ọ̀nà iléèwé. Ẹ ẹ̀ rí mi? Nínú gbogbo ìyẹn, mo ṣì rántí ọ̀nà tó yẹ kí n gbà yọ.

"Ìyàwó mi, ṣé ẹ ti jáde? Gba ọkọ mi lẹ́yìn mi. Wò ó dáadáa, ṣé kò fara pa?"

"Kò fara pa, Màámi."

"Ọpẹ́ o. Agboòrùn rẹ rèé." Ó nà án sí mi láti ilẹ̀. "Mi ò lè dìde."

Òjò dé bá wa níbẹ̀.

Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Dókítà fi fọ́tò rẹ̀ hàn wá, ó ní wọ́n máa fi irin dì í. Bí mo ṣe ń wá irin kiri nìyí, irin wá rí ibi tó máa wọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi lọ wo pápá. Ó padà wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màámi, kì í ṣe òjò ló gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹranko. Èèyàn ni. Ó fi nǹkan gé koríko, ó gbẹ́ ẹ, ó tún fi koríko bò ó. Ó bò ó mọ́lẹ̀ ni!"

"Kó lè ṣe kí ni?" ni Màámi bi í.

"Kí ẹni tó ń kọjá lè jìn sí i. Kí ló tún kù?"

 Ọmọ wà lẹ́yìn mi, ó ń fa irun mi. Ìyá náà kì í ṣẹ́ èpè. Mi ò gbọ́ kó bú ewúrẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ìrora ti mú un láti àná, ó sì ń rántí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ṣubú.

"Mo pọn ọmọ ọlọ́mọ," ó ní. "Ẹni tó gbẹ́ kòtò yẹn, kò gbọdọ̀ rí ìgbà tí ọmọ tirẹ̀ máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wá bá a."

"Àmín!" ni ọkọ mi wí.

 Àwọn méjèèjì ń wò mí.

"Ìyàwó mi, o ò ṣe àmín?"

Mo lanu. Ọmọ mi ń fi ẹsẹ̀ gbá mi nídìí, ẹsẹ̀ kékeré méjèèjì.

"Àmín, Màámi."

Mo padà sí pápá láti lọ gbé ẹ̀rọ Bàbá Aláago. Mo sọ fún ara mi pé kòtò ni mo fẹ́ lọ dí. Mo débẹ̀, mo kó koríko tó ti já sínú rẹ̀ kúrò. Kí n tó dí i, mo gbé íápíìsì sétí. Ẹ ṣépè fún mi bó bá wù yín. Ẹnu yín kò ní jẹ́ àkọ́kọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni. Mo gbẹ́ ẹ díẹ̀ sí i, ó sì jáde.

Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni.

Màámi padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ abíyá. Egungun kò jinná bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó fi ń tẹ maṣíìnì kò lè tẹ nǹkan kan mọ́. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òógùn bò ó, abẹ́rẹ́ kò lọ ju ìwọ̀n ìka kan lọ lórí aṣọ. Àwọn oníbàárà wá ń kó aṣọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mọ̀mọ́," wọn kì í sì í wo ojú rẹ̀. Ó fi aṣọ funfun bo maṣíìnì náà. Ilé wa kò mí mọ́.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Bí mo bá wẹ ẹsẹ̀ yẹn fún un tán, á ní, "Ìyàwó mi, ọmọ tí mo bí gan-an kò lè tọ́jú mi báyìí." Màá sì gbé omi náà lọ dà nù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkọ mi ló lọ ṣí i. Mo gbọ́ ohùn, omi tó wà lọ́wọ́ mi sì dà sílẹ̀.

Bàbá Aláago ni, pẹ̀lú Dírẹ́bà. Wọ́n gbé ọsàn sínú ọ̀rá wá.

"Ẹ kú ìnira o, Ìyá," ni Bàbá Aláago wí, ó sì bọ́ fìlà. "Àwa tí a máa ń wá irin ní pápá ni. A gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú ń tì wá láti wá."

Màámi ń wò ó. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bá wa rí òrùka lọ́jọ́sí?"

"Kì í ṣe èmi, Ìyá. Ọwọ́ ọmọ yìí ló rí i." Ó fi ìdùnnú nawọ́ sí mi. "Látìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ju tèmi lọ."

Ọkọ mi gbé orí sókè.

Bàbá náà kò kíyè sí i. Ẹni òtítọ́ ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń tú. "Wọ́n ti ti pápá mọ́ wa nítorí kòtò yẹn. Kì í ṣe ìyẹn ló dùn mí. Ẹni tó gé koríko yẹn gé e bí a ṣe máa ń gé e, nítorí náà, ọ̀kan nínú wa ni. Mo ti bi gbogbo wọn. Dírẹ́bà rèé, ó ti búra. Ọmọ yìí nìkan ni mi ò tíì bi, nítorí mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú. Òun ló dúró gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà, ni mo ṣe ní kí n wá bi í." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, lẹ́yìn tí a lọ, ṣé o rí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà?"



"Ó dúró gbẹ̀yìn níbo?" ni ọkọ mi bi í.

"Ní pápá."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí ìyá ṣubú. Ṣebí ojoojúmọ́ náà ló ń wá?"

Dírẹ́bà wo ojú mi, ó wo ojú ọkọ mi. "Bàbá," ó rọra wí, "ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Kí la sọ?" Bàbá náà ń wò yíká. Ó wá rí mi dáadáa. Mo rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé sí i lára. Ó fi ọwọ́ wá àga, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. "Áà! Èmi ni mo yá a ní ẹ̀rọ," ó wí sínú fìlà rẹ̀. "Èmi ni."

"Kíláàsì ńkọ́?" ọkọ mi bi mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ nu omi tó dà sílẹ̀.

Màámi ló tún un bi. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Ìyàwó mi, lẹ́tà tí ẹ̀ ń kọ́ yẹn. Ìgbà wo lo lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Màámi, mo fẹ́ dí i. Mo ní bí ẹ bá ti kọjá…"

"O rí mi?"

"Màámi…"

"O rí mi tí mò ń bọ̀?"

Mo na gbalaja sílẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, èyí tó dára. Mi ò lè fọwọ́ kan ìkejì.

"O rí mi tí mo pọn ọmọ rẹ, o wá fi koríko bò ó." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́.  Lẹ́yìn náà ó ní, "O sì ṣe àmín."

Ọmọ mi wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ó ń fi ọsàn kan ṣeré. Màámi yíjú wò ó. Ìgbà yẹn gan-an ló tó yé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ti nǹkan padà sínú.

"Yéè! Ọkọ mi! Mo ti fi ẹnu ara mi ba ọkọ mi jẹ́!"

Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Ní gbogbo ìgbà tí ìrora egungun mú un, kò ké tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi kò lù mí, kò sì lé mi. Ì bá sàn bó bá lé mi. Ó ní, "Ibo lo fẹ́ lọ? Ta ló máa wẹ ẹsẹ̀ tí o ṣẹ́?" Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó bá kan ọmọ tàbí oògùn ló kù láàárín wa.

Mo ti padà sí kíláàsì. Tíṣà kò bi mí léèrè ibi tí mo lọ. Bí mo bá délé, kò sẹ́ni tó ń bi mí ohun tí wọ́n kọ́ wa, kò sì sẹ́ni tó ń nu èèkánná mi. Mo lè ka ìgò oògùn báyìí. Màámi máa ń gba oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi, á gbé e mì, á ní "O ṣé, ìyá ọmọ." Kò pè mí ní ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Láràárọ̀ ló ń gbàdúrà kí èpè náà padà. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ pé òun kò mọ̀. Lẹ́yìn náà á ní, "Ẹyin lohùn." Òun náà mọ èyí tó kù nínú òwe yẹn.

Ọmọ mi kò tíì rìn. Àwọn ọmọ tí a jọ bí ní àkókò kan náà ti ń sáré. Nọ́ọ̀sì ti yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, pé àwọn ọmọ kan máa ń pẹ́. Mo ní mo ti gbọ́. Bí mo bá nawọ́ sí i pé kó máa bọ̀, á wò mí, á rẹ́rìn-ín, á jókòó.

Bí ẹ bá ní kí n fún yín ní ìmọ̀ràn, ẹyọ kan ni mo ní. Ohunkóhun tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́ aago kẹ́ ẹ sì pa fóònù kó tó dùn, ẹ bi í léèrè ẹni tó máa bá yín ka wákàtí. Èmi kò bi í. Títí dòní, bí ọlọ́pàá bá mú mi, mi ò lè sọ iye ìrọ̀lẹ́ tí mo fi sínú ilẹ̀ yẹn.

Lánàá, mo dé láti ọjà, mo bá àwọn méjèèjì nínú yàrá iwájú. Màámi jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ti rákò lọ sábẹ́ aṣọ funfun tó bo maṣíìnì. Ó ń fi ọwọ́ ti irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ilé sì tún ń dún gìrìgìrì.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ méjèèjì sí i. "Ọmọ mi, dìde. Máa bọ̀."

Ó di ẹsẹ̀ maṣíìnì mú, ó fà á, ó gbé ìdí sókè díẹ̀. Màámi ti di etí ẹní mú. Mi ò rò pé ẹnì kankan nínú wa mí.

Ó jókòó padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ti irin náà. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò lábẹ́ aṣọ funfun, kò sí òwú nínú rẹ̀.

Màámi yí ojú rẹ̀ sí ògiri.  Mo ti ọwọ́ mi méjèèjì bọ abẹ́ abíyá, mo sì lọ gbé omi tí mo máa fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kaná.